Ilé òkúta àtijọ́ ní Derbyshire: ṣé kí a sanwó fún ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò?

Ìbéèrè tó wọlé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kẹsàn-án rèé tí èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ti ń yá ilé gbé ní Sheffield, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A ti wá rí ilé kan tí ọkàn wa fà sí ní abúlé kan ní Derbyshire, ilé òkúta tí wọ́n ní ó ti lé ní 200 ọdún. £340,000 la fẹnu kò sí. Báńkì ti rán èèyàn lọ wò ó, wọ́n ní kò síṣòro. Sọ́féyọ̀ kan ní òun máa gba £1,250 láti yẹ ilé náà wò fínnífínní. Éjẹ́ǹtì ní ilé tó ti dúró fún 200 ọdún, ibo ló tún fẹ́ lọ? Àbúrò ọkọ mi tó ń ṣe iṣẹ́ sọ́féyọ̀ n'Íbàdàn náà ní kí ni wọ́n tún fẹ́ wọ̀n níbẹ̀ nígbà tí ìwé ilẹ̀ ti wà. Ohun kan ṣoṣo tó ń kọ mí lóminú ni pé ògiri ilé ìdáná tutù nígbà tí mo fọwọ́ kàn án, ọ̀dà tuntun sì ni wọ́n kùn ún. Ṣé kí a san £1,250 yìí, àbí ká fi tún ilé ìdáná ṣe? Èmi ni, Ìyá Tòmíwá."

Ìyá Tòmíwá, ẹ kú wàhálà ilé wíwá o. N kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: ẹ san owó àyẹ̀wò yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì san án fún sọ́féyọ̀ tó dá a lé yín yìí, àfi tí ẹ bá bi í ní àwọn ìbéèrè tí mo máa kọ níwájú, tí ìdáhùn rẹ̀ sì tẹ́ yín lọ́rùn. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gun àkàbà wọ àjà ilé àtijọ́ káàkiri àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ti rí ìwé àyẹ̀wò tó yọ ènìyàn nínú gbèsè, mo sì ti rí èyí tó ti ènìyàn sínú gbèsè tuntun. Ohun tó ya méjèèjì sọ́tọ̀ ni bóyá ẹni tó kọ ọ́ mọ irú ilé tó wà níwájú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ àbúrò ọkọ yín, torí kò parọ́, orúkọ ló jọra. Nílé, sọ́féyọ̀ ni ẹni tó ń gbé ẹ̀rọ wọ inú igbó, tó ń wọn ilẹ̀, tó ń ri òpó mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ọmọ onílẹ̀ má baà ta ẹyọ ilẹ̀ kan fún ẹni mẹ́ta. Ìyẹn kọ́ ni wọ́n fẹ́ ṣe fún yín. Níbí, ọ̀rọ̀ ta ló ni ilẹ̀ wà ní HM Land Registry, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀, lọ́yà yín ló máa wò ó. Sọ́féyọ̀ tó ń béèrè £1,250 kò wá wọn ilẹ̀ kankan. Ara ilé ló fẹ́ wò: òrùlé, igi àjà, ògiri, ilẹ̀ tí ẹ ó máa tẹ̀, ibi tí omi ń gbà wọlé àti ibi tó yẹ kó gbà jáde. RICS, ẹgbẹ́ àwọn sọ́féyọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ níbí ní 1868, kó oríṣi méjèèjì pọ̀ sábẹ́ òrùlé kan, orúkọ kan náà ni wọ́n sì ń jẹ́.

Ẹni tí báńkì rán ńkọ́? Kò ṣiṣẹ́ fún yín. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló lọ wá ìdáhùn sí: bí àwọn wọ̀nyí ò bá lè san gbèsè mọ́, tí a ta ilé yìí, ṣé owó wa á pé? Owó tí ẹ fi sílẹ̀ láti àpò yín ló máa kọ́kọ́ run kí nǹkan tó kan báńkì. Mo mọ àyẹ̀wò báńkì tí ẹni náà ò lò tó ogún ìṣẹ́jú, òmíràn sì wà tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀ láìsí ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ohun tí báńkì sọ fún yín ni pé ilé náà tó owó tí àwọn fẹ́ yá yín. Kò sí ibi tí wọ́n ti sọ pé kò síṣòro. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ń rà ni kó la ojú rẹ̀. Ẹni tó ń tà kò gbọdọ̀ parọ́ tí ẹ bá bi í, ṣùgbọ́n òfin ò ní kó jókòó máa ka àléébù ilé rẹ̀ fún yín lẹ́yọ lẹ́yọ. Ká ní Scotland ni, láti December 2008 ni wọ́n ti ní kí ẹni tó ń tà pèsè ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní Home Report kó tó gbé ilé síta. Ní Derbyshire, ẹ̀yin lẹ máa wá tiyín.

Ọ̀rọ̀ éjẹ́ǹtì ni mo fẹ́ fara balẹ̀ sí, nítorí òótọ́ wà nínú rẹ̀, òótọ́ yẹn ló sì ń tan ènìyàn. Àwọn tó kọ́ ilé náà mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ilé tó wà níbẹ̀ lónìí kì í ṣe èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ mọ́. Ohun tí àwọn tó gbé ibẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún tó kẹ́yìn ṣe sí i ni sọ́féyọ̀ gidi ń wá. Ògiri irú ilé bẹ́ẹ̀ máa ń nípọn tó àádọ́ta sí ọgọ́ta sẹ̀ǹtímítà. Ojú òkúta méjì ni, ọ̀kan níta, ọ̀kan nínú, wọ́n wá fi àfọ́kù òkúta, erùpẹ̀ àti láìmù dí àárín. Láìmù yìí, òkúta ẹfun ni wọ́n sun nínú iná kíkan, tí wọ́n wá fi omi pa títí tó fi kúnná. Kò sí ohunkóhun ní ẹsẹ̀ ògiri tó ń dá omi ilẹ̀ dúró bíi ti ilé ìsinsìnyí. Òjò á pa á, ògiri á mu omi díẹ̀. Tí òjò bá dá, afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i, omi á gba ojú láìmù jáde padà, torí láìmù ní ihò wẹ́wẹ́ tí omi lè gbà jáde. Iná tó ń jó nínú ààrò láti òwúrọ̀ dalẹ́ sì ń fa afẹ́fẹ́ gba inú ilé kọjá. Bí ilé náà ṣe ń mu omi ló ṣe ń tú u sílẹ̀, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún láìsí wàhálà.

Ní 1824, bíríkìlà ará Leeds kan, Joseph Aspdin, gbàwé àṣẹ lórí ohun tó pè ní sìmẹ́ǹtì Portland. Nígbà tó fi máa di àárín ọ̀rúndún ogún, sìmẹ́ǹtì ti lé láìmù kúrò lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ bíríkìlà. Wọ́n ń họ láìmù àárín òkúta dànù, wọ́n ń fi sìmẹ́ǹtì dí i. Ó le, ó dán, ilé dà bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kí omi jáde bó ṣe ń jáde tẹ́lẹ̀. Omi á wá há, á máa wá ọ̀nà gba ara òkúta fúnra rẹ̀. Tí òtútù bá mú, tí omi yẹn di yìnyín, á wú, á sì máa bó ojú òkúta ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Tí ẹ bá rí ògiri tí òkúta rẹ̀ ti jẹ wọ inú, tí sìmẹ́ǹtì wá yọ síta láàárín wọn bí egungun ìhà, ohun tó fà á nìyẹn.

Àwa tí a mọ ilé alámọ̀, kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa. Ilé bàbá bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, amọ̀ ni. Àwọn ọmọ tó wà l'Ékòó dáwó jọ, wọ́n ra sìmẹ́ǹtì, wọ́n ní kí wọ́n fi rẹ́ ẹ kó lè jọ ilé alábúlọ́ọ̀kù. Ó wu ojú lọ́dún àkọ́kọ́. Nígbà tí òjò ọdún kẹta fi máa dá, tí ẹ bá fi ìka kan ògiri, ẹ ó gbọ́ tó ń dún bí igbá òfìfo. Lálẹ́ ọjọ́ kan, odindi ojú ògiri tó kọjú sí títì já lulẹ̀ gbì, amọ̀ tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn sìmẹ́ǹtì náà sì tutù rinrin. Ẹ̀yìnkùlé, níbi tí owó wọn ò tó rẹ́, dúró digbí.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ilé ìdáná yín. Ọwọ́ yín tó kan ògiri yẹn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ná. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tọkọtaya kan ní kí n bá àwọn wo ilé tó jọ tiyín, kò jìnnà sí Bakewell, ní Derbyshire náà. Ọ̀dà tuntun ni tiwọn náà, funfun báláú. Mo lóṣòó ti ògiri. Lókè pákó ẹsẹ̀ ògiri, ọ̀dà ti wú díẹ̀. Mo fi èékánná kàn án, ó sì ká kúrò bí awọ ojú ẹ̀kọ tó ti tutù. Lábẹ́ rẹ̀, iyọ̀ funfun ti hù bí òwú. Mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹnìkan ti da kọnkéré sí ẹsẹ̀ ògiri ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ yẹn, ó sì ga ju ilẹ̀ inú ilé lọ, ó ku díẹ̀ kó tó orókún. Mo gbójú sókè: gọ́tà òrùlé ti já níbi tí wọ́n ti so ó pọ̀, ipa omi sì wálẹ̀ láti ibẹ̀ dé ilẹ̀, ó ti hu ewédò. Ilé iṣẹ́ kan tí ẹni tó ń ta ilé pè ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé £4,800 ni àwọn máa gbà láti fi kẹ́míkà gún ògiri lábẹ́rẹ́, kí wọ́n sì fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Ohun tí mo kọ fún àwọn oníbàárà mi ni pé kí wọ́n fọ́ kọnkéré yẹn kúrò, kí wọ́n gbẹ́ kòtò tóóró, kí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, kí wọ́n tún gọ́tà ṣe, kí wọ́n họ sìmẹ́ǹtì inú dànù, kí wọ́n sì ní sùúrù. Òdiwọ̀n tí àwa oníṣẹ́ ń lò ni oṣù kan fún íǹṣì kan. Ògiri tó nípọn tó ogún íǹṣì, ọdún kan àbọ̀ ó lé ni. Wọ́n dúró dè é. Ìgbà ooru tó kọjá ni wọ́n tó fi láìmù rẹ́ ẹ, wọn ò sì ná ìdajì owó tí ilé iṣẹ́ yẹn pè.

Ibi tí owó àyẹ̀wò ti ń ṣègbé gan-an nìyí. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí ọ̀pọ̀ sọ́féyọ̀ ń mú kiri, abẹ́rẹ́ méjì ló wà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, á sì ké tí ọ̀rinrin bá wà. Nǹkan tí wọ́n ṣe ẹ̀rọ yẹn fún ni igi. Lára òkúta àti láìmù, iyọ̀ inú ògiri nìkan ti tó láti mú un ké bí ẹni pé odò ń ṣàn níbẹ̀. Sọ́féyọ̀ tó bá tẹ ẹ̀rọ mọ́ ògiri, tó gbọ́ igbe rẹ̀, tó sì kọ ọ́ pé kí ẹ lọ pe àwọn oníṣẹ́ ọ̀rinrin, kò tíì ṣe nǹkan kan fún yín. Àwọn tó máa wá wò ó fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn náà ló ń ta kẹ́míkà. Èmi pẹ̀lú kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, torí bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn. Ìyá àgbà kan tẹ̀lé ohun tí mo kọ, ó náwó gidi. Lẹ́yìn ọdún méjì, omi tún yọ lókè ibi tí wọ́n rẹ́. Nígbà tí mo padà lọ, mo rí i pé ihò èéfín tí wọn ò bo ni òjò ń gbà wọlé látìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi. Òun ló mú kí n lọ jókòó ti àwọn tó ń fi láìmù ṣiṣẹ́, kí n tún iṣẹ́ mi kọ́. Ní 2022, RICS, Historic England (àjọ ìjọba tó ń bójú tó ilé àtijọ́) àti Property Care Association (ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọ̀rinrin) jọ fọwọ́ sí ìwé kan pé nínú ilé àtijọ́, kí wọ́n wádìí ibi tí omi ti ń wá kí wọ́n tó dárúkọ àtúnṣe. Ẹ bi sọ́féyọ̀ yín bóyá ó mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ bi í pé ilé àtijọ́ mélòó, ìyẹn èyí tí wọ́n kọ́ ṣáájú 1919, ló yẹ̀ wò lọ́dún tó kọjá. Ẹ bi í pé tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá ké lára ògiri, kí ló máa ṣe tẹ̀lé e. Tó bá ní òun á jáde síta lọ wo ilẹ̀, gọ́tà àti ihò èéfín, ẹ gbé owó fún un. Tó bá ní òun á ní kẹ́ ẹ pe oníkẹ́míkà, ẹ wá ẹlòmíràn. SPAB, ẹgbẹ́ tí William Morris dá sílẹ̀ ní 1877 láti dáàbò bo ilé àtijọ́, máa ń gba ènìyàn nímọ̀ràn lórí fóònù, ẹ lè pè wọ́n.

Láti 2021, ìpele mẹ́ta ni RICS pín àyẹ̀wò sí. Ìpele kìíní kò kàn yín. Ìkejì wà fún ilé tí kò ṣàjèjì, tí ara rẹ̀ sì dá ṣáká. Ìkẹta ló yẹ ilé yín, torí òun ló ń sọ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ohun tó ń bà á jẹ́, ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ àti bí ẹ ṣe lè tún un ṣe. Tó bá wá di pé owó ò tó, ó yá mi lára kí ẹni tó mọ ilé òkúta ṣe ìpele kejì fún yín ju kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe ìkẹta.

Ní agbègbè yẹn, òrùlé ni mo máa kọ́kọ́ gùn. Pẹlẹbẹ òkúta ni wọ́n fi bo ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ibẹ̀, wọ́n wúwo gidi, èèkàn igi óákù ni wọ́n sì fi gbé ọ̀pọ̀ wọn kọ́. Tí èèkàn bá jẹrà, òkúta á máa yọ́ wálẹ̀. Tí igi àjà bá ti rẹ̀, ẹrù náà á máa ti orí ògiri síta. Ẹ dúró sí igun ilé, ẹ di ojú kan, ẹ wo gbọọrọ ògiri bí káfíńtà ṣe ń wo pákó. Tó bá yọ ikùn, ẹ sọ ọ́ fún sọ́féyọ̀ kó tó lọ. Tí wọ́n bá ti fín fóòmù sábẹ́ òrùlé, ẹ ṣọ́ra gidi, nítorí ọ̀pọ̀ báńkì kì í fẹ́ yáni lówó lórí irú ilé bẹ́ẹ̀. Ti ògiri tó sán, ẹ má jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ dẹ́rù bà yín. Nínú òdiwọ̀n tí à ń lò, ojú sísán tí kò fẹ̀ ju mílímítà 5 lọ sábà máa ń jẹ́ àléébù ojú lásán. Èyí tó ṣì ń fẹ̀ sí i là ń bẹ̀rù.

Àwọn nǹkan kan wà tó jẹ́ ti lọ́yà ju ti sọ́féyọ̀ lọ. Wọ́n ti ń wa òjé ní Derbyshire láti ayé àwọn ará Róòmù, wọ́n wa èédú níbẹ̀ pẹ̀lú, kí lọ́yà gba ìwé lórí kòtò abẹ́ ilẹ̀. Radon, gáàsì tí kò lóòórùn tí kò láwọ̀, tó ń ti inú àpáta jáde, tó sì lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, pọ̀ ní apá ibẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n dáadáa, kò ní parí kẹ́ ẹ tó rà á, ṣùgbọ́n lọ́yà lè bá yín bẹ̀bẹ̀ kí ẹni tó ń tà fi owó díẹ̀ dúró títí èsì á fi dé. Tó bá kọjá 200 becquerel (òdiwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn radon) nínú mítà kúbíìkì afẹ́fẹ́ kan, fáànù ni wọ́n sábà fi ń fà á kúrò lábẹ́ ilé, kì í ṣe ohun tó yẹ kó lé yín sá. Tó bá jẹ́ sókàwéè (tí wọ́n ń pè ní septic tank níbí) ni ilé náà ń lò, ẹ béèrè ibi tí omi rẹ̀ ń lọ: láti 1 January 2020, òfin ò gbà kí ti ilé máa tú tààrà sínú odò tàbí ipadò. Ẹ wò ó lórí àkọsílẹ̀ Historic England, lọ́fẹ̀ẹ́ ni, bóyá ilé náà wà lára àwọn tí ìjọba kọ sílẹ̀ pé ènìyàn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn láìgbàṣẹ. Tó bá wà níbẹ̀, tí ẹni ìṣáájú sì ti wó ògiri tàbí yọ fèrèsé láìgbàṣẹ, ẹ̀yin tí ilé bá bọ́ sí lọ́wọ́ ni ìjọba ìbílẹ̀ máa ní kó tún un ṣe.

Àyẹ̀wò náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ó sì yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Sọ́féyọ̀ kì í ká kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀, kì í gbé kọ́bọ́ọ̀dù, kì í lu ihò sára ilé ẹlòmíràn. Kì í yẹ wáyà iná wò, kì í sì rán kámẹ́rà sínú páìpù ìdọ̀tí. Ẹni ọ̀tọ̀ ló ń ṣe ìwọ̀nyẹn, owó ọ̀tọ̀ sì ni. Tó bá ṣàṣìṣe ńkọ́? Ní 1991, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá ẹjọ́ tọkọtaya kan tó ra ilé oko àtijọ́ kan ní Dorset ní £177,500. Àtúnṣe tí sọ́féyọ̀ wọn ò rí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó £34,000. Ilé ẹjọ́ ní kì í ṣe owó àtúnṣe ni kó san, bí kò ṣe ìyàtọ̀ láàárín iye tí wọ́n ra ilé àti iye tó yẹ kó jẹ́, ìyẹn £15,000. Torí náà ẹ má ka ìwé àyẹ̀wò sí ìwé adójútòfò.

Èmi náà, n kò tíì rí ilé yín. Ògiri tó tutù lè jẹ́ ọ̀rọ̀ gọ́tà kan tí wọ́n máa fi £80 tún ṣe, ó sì lè jẹ́ ọ̀rọ̀ odindi ẹ̀gbẹ́ ilé. Tí ìwé bá dé, ó lè tó ọgọ́ta ojú ewé, àmì pupa á sì pọ̀ nínú rẹ̀, torí àwọn sọ́féyọ̀ ń dáàbò bo ara wọn. Ẹ má fi òru kà á. Ẹ pe ẹni tó kọ ọ́, ẹ bi í pé ká ní ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ ra ilé yìí, kí ló máa ní kó kọ́kọ́ tún ṣe, èwo ló lè dúró, èwo sì ni òun á tìtorí rẹ̀ sá? Ohun tí sọ́féyọ̀ sọ lẹ́nu níye lórí ju ìdajì ohun tó kọ. Àdéhùn yín ò tíì de ẹnikẹ́ni títí ẹ ó fi pààrọ̀ ìwé kọ́ńtíráàtì, ẹ ṣì lè ní kí wọ́n bu owó kúrò, ẹ sì lè kọ̀ ọ́. Òótọ́ ni pé tí ẹ bá kọ ilé náà, £1,250 yẹn ti lọ nìyẹn. Ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ti rí àwọn tó fi £340,000 kọ́ ohun tí wọn ì bá fi £1,250 mọ̀.

Kí sọ́féyọ̀ tó wá, ẹ bẹ éjẹ́ǹtì pé kó jẹ́ kí ẹ tún wo ilé náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kó sì jẹ́ ọjọ́ tí òjò ń rọ̀ gidi. Ẹ mú agbòjò dání. Ẹ má wọlé ná. Ẹ dúró lẹ́yìn ilé ìdáná fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ máa wo ibi tí omi òrùlé ń dà sí.